Máàkì Kejì fún Ọmọ Orí Afárá

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni máàkì kejì wà?"

Olúbùkọ́lá ló bèèrè, olùkọ́ kan ní Iware tí n kò tíì fojú rí rí. Inú gúrúùpù Wasáàpù wa ló kọ ọ́ sí ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lábẹ́ ohun tí mo ti kọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú gúrúùpù náà. Kò sí ẹni tó dáhùn. Èmi náà rí i, mo sì da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ánímè ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, fíìmù àwòrán yíyà tí àwọn ará Japan ń ṣe. Èmi àti Ṣàmsúdéènì ti ń wò ó láti kíláàsì kẹrin girama. Nígbà tí a parí yunifásítì, mo padà sí Fiditi, òun padà sí Ilora, a sì dá gúrúùpù náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò wò ó rí, àwọn tó gbà pé ọmọdé nìkan ló ni káátúùnù. Iṣẹ́ wa kò le. A ó wo eré kan tán, a ó sọ bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Máàkì méjì ni, ti èmi Dáre àti ti Ṣàmsú, nítorí a kì í sábà fẹnu kò. Èmi fẹ́ràn eré tó ní àdììtú. Ṣàmsú fẹ́ràn eré tí wọ́n ti ń jẹun. Mo lè fún eré kan ní mẹ́sàn-án kí òun fún un ní mẹ́ta, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Odindi apá mẹ́rìnlélógún, kò sẹ́ni tó fi omi tútù bọnu." Mo rò pé ìjà wa gan-an ni àwọn ènìyàn ń wá kà.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Orúkọ àwọn ará Japan máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàmú. Bí wọ́n bá fi máa dé apá kejì, wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ kí ni mọ́. Nítorí náà, a máa ń sọ àwọn ènìyàn inú eré lórúkọ Yorùbá. Ọlọ́pàá tó ń bínú ní gbogbo ìgbà, a pè é ní Ògúngbèmí. Ìyá àgbà tó ń ta ewé tíì, Àṣàbí. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ ni mo fi ba nǹkan jẹ́.

Ọmọ Orí Afárá ni a pe eré tí mo ń wí yìí, apá méjìlá ni. Ọmọkùnrin kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ létí odò, wọ́n ń ṣọ́ afárá onígi kan. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń gbá afárá, ṣùgbọ́n bó bá ti dé àárín, á yí padà. Kò dé òdìkejì rí. Kí ló fà á? Apá kọkànlá ni wọ́n tó sọ ọ́: ìbejì ló bí ṣáájú ọmọkùnrin yìí, omíyalé ló sì gbé wọn lọ.

Èmi ti já a ní apá kẹrin, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo jókòó láti kọ̀wé nípa rẹ̀, mo wá orúkọ tó bá ọmọ náà mu jù lọ, mo sì pè é ní Ìdòwú.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Yorùbá wo ni a ó pe ọmọ ní Ìdòwú lójú rẹ̀, tí kò ní wẹ̀yìn wo àwọn ìbejì tó ṣáájú? Ní ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti tú àṣírí apá kọkànlá fún igba ènìyàn.

Ṣàmsú ì bá fi mí rẹ́rìn-ín lásán bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ̀. Télọ̀ ni Màmá, iwájú ilé wọn ní Ilora ló ti ń ránṣọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún tó kọjá, kì í sọ̀rọ̀ ju "ó dáa" àti "ẹ ṣé" lọ. Ṣàmsú wá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì tí Màmá fi ń gé aṣọ, ó ní kí ó bá òun wo apá kan péré. Ó di ojoojúmọ́, Màmá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, wọ́n á wo apá kan, Ṣàmsú á máa sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń hàn nísàlẹ̀ fún un ní Yorùbá. Wọ́n ti wo apá keje tán lọ́jọ́ tí Ummu-Salamah, ọmọbìnrin àdúgbò tó wà nínú gúrúùpù wa, wá gba aṣọ rẹ̀. Ó rí àwòrán ọmọ náà, ó sì pariwo, "Hà, Ìdòwú rèé! Màmá, ìbejì ló ṣáájú rẹ̀ o!"

Ṣàmsú pa láptọ́ọ̀pù náà dé. Ó pè mí lórí fóònù. "Dáre, o ṣeun," ni gbogbo ohun tó sọ.

Láti ọjọ́ náà, kò fún eré náà ní máàkì, kò sì fèsì ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo yí orúkọ ọmọ náà padà sí Adéwálé, ó dà bí ẹni tó ń kó omi tó ti dànù. Mo lè rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá mi fún eré ní máàkì. Ọ̀rẹ́ tó mọ̀ mí láti kíláàsì kẹrin ni n kò mọ ibi tí mo ti lè rí òmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ra ọ̀pẹ̀-òyìnbó mẹ́ta, mo gun ọ̀kadà, ó di Ilora. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú máṣíìnì Màmá.

"Dáre ará Fiditi. Dìde, abẹ́rẹ́ ń bẹ nílẹ̀ tí o sùn lé yẹn."

Mo dìde kíákíá. "Mo wá tọrọ àforíjì ni mà. Èmi ni mo ba eré yẹn jẹ́ fún yín. Orúkọ tí mo sọ ọmọ yẹn."

Ó fi eyín já òwú. "Ìwọ rò pé n kò mọ̀? Láti apá kejì ni mo ti mọ̀. Obìnrin tó ń wo omi báyẹn, ọmọ ló ń wá. Tó bá bu oúnjẹ tán, á tún bu ti ẹni méjì sí i, á sì dà á padà sínú ìkòkò. Ṣé ẹni tó bímọ ẹyọ kan ló ń ṣe báyẹn?"

Apá kejì! Èmi tí mo gboyè nínú ìṣirò.

"Kí ló wá dé tí ẹ kò wò ó mọ́ mà?"

"Ta ni yóò kà á fún mi? Ọ̀rẹ́ rẹ ní ó ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, ó ní ó ti bàjẹ́. Bí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́: bó bá bínú wọlé, kì í rí ọ̀nà jáde." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé àwòrán ni mò ń wò ni? Ohùn ọmọ mi ni mò ń gbọ́. Láàárọ̀, ó ti lọ síléèwé tó ti ń ṣe tíṣà. Nírọ̀lẹ́, ó ń máàkì ìwé. Ìdí eré yẹn nìkan la ti ń jókòó pọ̀." Ó ti aṣọ sápá kan lórí tábìlì. "Ó ku apá márùn-ún. Ìwọ ni wàá kà á. Ohun tó bá hàn ni kí o kà. Èyí tí kò tíì hàn, gbé e mì."

Mo yọ láptọ́ọ̀pù mi. A ò tíì dé ìdajì apá kẹjọ tí Ṣàmsú fi wọlé pẹ̀lú òkìtì ìwé ọmọléèwé. Ó kí ìyá rẹ̀. Kò kí mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì mú bírò pupa.

Mo ń ka tèmi lọ. "'Ìwọ obìnrin yìí, ìrònú ọkàn rẹ jinlẹ̀ bí ibú.'"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" Màmá bèèrè. "Ṣé pásítọ̀ ni?"

"Bàbá apẹja ni mà."

"Apẹja wo!"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wọlé láti odò. Mo kà á pé, "'Ìyá mi ọ̀wọ́n, ebi ń pa mí gidigidi.'"

"'Màámi, ebi!'" Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Ṣàmsú kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń máàkì. "Ohun tó sọ nìyẹn. Ọmọ tí ebi ń pa wo ló ń ráyè 'ọ̀wọ́n'?"

Màmá kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tó fi jẹ́ èmi, tí n kò mọ̀ ọ́n kà, ló ní kí n wá kà á.

Ní Ọjọ́rú, Ṣàmsú gbé àga rẹ̀ wọlé. Ó ní oòrùn ń pa òun lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi gba ọ̀rọ̀ bàbá apẹja lẹ́nu mi, ó sì fún un ní ohùn tó há bíi ti àwọn awakọ̀ àtijọ́. Màmá wá dojú kọ mí.

"Dáre, ṣé ọkùnrin kan ni ìyá yìí ń sá fún ní òdìkejì ni?"

"N kò mọ̀ mà."

"O kò mọ̀? Ìwọ tó sọmọ lórúkọ?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣàmsú wò mí fúngbà àkọ́kọ́. "Màámi, ẹ rọra o. Bí ẹni yìí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, yóò bẹ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, a dé apá kọkànlá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ ohun tó ń bọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìbejì náà, tí omi kò pa, tí wọ́n ti dàgbà, dúró ní òdìkejì odò, tí wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ tó hàn nísàlẹ̀. Màmá fi etí ìborùn nu ojú. "Ẹ kà á," ló wí. Ṣàmsú ló kà á.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá náà kọjá afárá. Ṣàmsú ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi kàn jókòó. Nígbà tó tán, Màmá yíjú sí wa.

"Bàbá yín náà máa ń ka ìwé ìròyìn fún mi bí mo bá ń ránṣọ," ló wí. "Kì í kà á bó ṣe wà. Bí gómìnà bá sọ̀rọ̀, á fi ohùn gómìnà sọ ọ́. N kò mọ irú ọkùnrin tó ń parọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó di ìbàdí mú.

Mo ń ká wáyà láptọ́ọ̀pù mi. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí láti bèèrè. Mo bèèrè náà.

"Ṣàmsú, máàkì tìrẹ ńkọ́?"

Ó ti gbé kẹ́tùrù lọ́wọ́, ó ń jáde lọ ṣe àlùwàlá. Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó jókòó ti ìdáhùn. "Ìwọ tí o ń já àdììtú," ló wí, ó sì jáde.

Mo gbójú sókè. Ara ògiri tó wà níwájú àga mi ni Màmá máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ wá. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo ti dojú kọ ọ́. Láàárín èjìká Ummu-Salamah àti gígùn ọwọ́ Àlàkẹ́, lábẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí Ṣàmsú kò kí mi, ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo ti ń wò kọ láti kíláàsì kẹrin ló kọ ọ́ gàdàgbà: "Ọmọ Orí Afárá. Ṣàmsú: mẹ́sàn-án."