Ilé Orogún Méjì Létí Ọ̀sà

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ọdún kan fún ọkọ wọn, Àlhájì Bísíríyù, ni Wàsílátù là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ẹbí pé òun ò ní lo ọyẹ́ mìíràn ní Jọs mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti tẹ̀lé ọkọ dé ìlú òkè yẹn, kò sì sí ọyẹ́ kan tí kì í gún un lórúnkún bí abẹ́rẹ́. Kó tó lè dìde kírun àárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní ìlú tó móoru lòun fẹ́, níbi tí atẹ́gùn omi ti ń fẹ́, tí owó ilé ibẹ̀ kò sì ní ju ohun tí àwọn ń rí gbà lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn lọ.

"Àti pé," ó nawọ́ sí obìnrin tó jókòó tì í, "èmi àti ìyàwó mi la jọ ń lọ."

Ìyàwó tó ń wí yìí, Ṣẹ̀rífátù orogún rẹ̀ ni. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Nígbà tí Àlhájì kọ́kọ́ gbé e wọlé, ọ̀tọ̀ ni Wàsílátù ń gbà kọjá, ọ̀tọ̀ lòun náà ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n jọ ń ta ọṣẹ àti epo nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, wọ́n ń bá ara wọn pọn ọmọ, wọ́n sì ń jà bíi pé wọ́n ń sanwó ìjà fún wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àlhájì, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn sí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ni kò fẹ́ kó rí báyẹn. Mobọ́lájí, ọmọ Wàsílátù, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkòròdú, fẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá gba yàrá kan lẹ́yìn ilé òun ní Itamaga. Munirah, ọmọ Ṣẹ̀rífátù, fẹ́ kí ìyá tirẹ̀ wá sí Ìlọrin wá máa bá òun wo àwọn ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ pọ̀ kí Munirah tó gbà pé bí àwọn ìyá méjèèjì bá rí ilé tí wọ́n lè jọ gbé kó tó di Sátidé, òun fara mọ́ ọn. Bí wọn ò bá rí i, òun ń bọ̀ wá mú ìyá òun lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Itamaga. Mobọ́lájí ò tíì jẹ́ kí wọ́n mumi tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò kúkú dúró sọ́dọ̀ wa?"

"Kí n máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ kí n tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀? Mo ti dàgbà jùyẹn lọ, Bọ́lájí."

"Òkun ṣáà wà ní Lẹ́kì," Ṣẹ̀rífátù sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

Mobọ́lájí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá kékeré! Owó ilé ọdún kan ní Lẹ́kì á ra ṣọ́ọ̀bù yín ní Jọs, á tún ra ẹ̀yin gan-an mọ́ ọn."

"Ẹni tí yóò rà mí dà?" ni Ṣẹ̀rífátù wí, gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́rú, Mobọ́lájí ní òun ti rí ilé kan létí ọ̀sà, ní Ìkòròdú níbẹ̀ náà. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n wà tó ti rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá Fáṣínà tó nilé pé orogún ni yín. Mo ti sọ fún wọn pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni yín."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n ní àwọn ò gba oníjà sílé."

Wàsílátù pòṣé. "Ta ló ń jà?"

"Àwa náà ni," Ṣẹ̀rífátù dáhùn.

Ilé náà dára, n ò ní parọ́. Oòrùn kún àgbàlá rẹ̀, fèrèsé ńlá kan sì kọjú sí omi. Bàbá Fáṣínà fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó gbé ìjókòó wá, iye tó pe ilé kò sì ga. Wàsílátù ti ń fojú wo igun tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà. Àfi bí Ṣẹ̀rífátù ṣe sáré ti ẹ̀yìnkùlé dé, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bó ṣe ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Ìyáálé mi! Ẹ wá wo ibi tí a ó ti máa sá ata!"

Bàbá Fáṣínà wo Ṣẹ̀rífátù nílẹ̀, ó wo Wàsílátù, ó wá kọjú sí Mobọ́lájí.

"Ìyáálé kẹ̀? Àbúrò wo ní ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ìyáálé?"

Ikọ́ bá gbé Mobọ́lájí.

"Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ìyá," ni bàbá náà wí. "Mo ti gba orogún méjì sílé rí. Ọmọ odó ni wọ́n fi fọ́ ilẹ̀kùn mi yẹn, ẹ wo àpá ẹ̀. N ò lè ṣe é mọ́."

Wàsílátù ò bẹ̀bẹ̀. Ó dúpẹ́ ìjókòó, ó gbọn ìró rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí wọ́n délé ni Ṣẹ̀rífátù bú sẹ́kún.

"Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú tẹ̀lé Munirah."

"Irọ́ tí Bọ́lájí pa ló bà á jẹ́. Ṣé o fẹ́ máa pè mí ní sístà lójú bàbá yẹn títí a ó fi kú ni? Ọjọ́ wo lo máa rántí? Nu ojú ẹ. Ṣebí ìwọ náà nílùú. Ẹ̀pẹ́ là ń lọ lọ́la."

"Kò sẹ́ni tó kù fún mi ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti ta ilé bàbá wa."

"Ṣé omi ibẹ̀ ni wọ́n tà? Lọ sùn jàre."

Nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, Wàsílátù ò jẹ́ kí Mobọ́lájí ṣíwájú. Òun fúnra rẹ̀ rìn bọ́ sí àárín àwọn obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ àwọn apẹja létí ọ̀sà, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ kú ọjà o! Ilé là ń wá. Orogún ni wá o, èmi rèé, ìyàwó mi rèé. A máa ń jà, àmọ́ a máa ń sanwó ilé lásìkò."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ti fẹnu ara yín tú àṣírí ara yín! Ẹ lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Ọmọ́táyọ̀, lókè yẹn."

Ẹja ni Àlàájà ń yan nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni, èéfín ò dí i lójú. Ó ní yàrá méjì àti kíṣìnnì kan, ọ̀sà kò sì jìnnà ju ibi téèyàn ti lè pe ẹlòmíì kó gbọ́ lọ. Ibẹ̀ móoru débi pé Wàsílátù tú ìborùn rẹ̀. Iye tí Àlàájà pè é tún wálẹ̀ ju ti Ìkòròdú.

"Mo gbọ́ ohùn yín látìhín pé ẹ ń jà," ni Àlàájà wí. "Irú ìjà wo?"

"Ìjà ọbẹ̀," ni Wàsílátù wí.

Àlàájà mú ẹja ọ̀bọ̀kún tútù kan, ó nà án sí wọn. "Kíṣìnnì kan náà ló wà níbẹ̀. Ó yá, ẹ sebẹ̀ kí n wò yín."

Mobọ́lájí sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe jẹ́jẹ́ lónìí nìkan."

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Kò pẹ́ rárá.

"Ata yẹn ti pọ̀ jù."

"Bí a ṣe ń sè é ní Ẹ̀pẹ́ nìyí, Ìyáálé mi. Kì í ṣe Jọs lẹ wà."

"O délùú ẹ tán, o wá fẹ́ gun orí mi!"

"Ẹ jọ̀wọ́ mi. Ta ló fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ Munirah jẹ́?"

"Èmi? Iyọ̀ tí ìwọ tún lọ dà sí i lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi!"

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti fi í!"

"Ṣé o bi mí ni?"

Mobọ́lájí fọwọ́ bojú. Ó ti gbà pé ó parí. Ó tiẹ̀ ti ń ro ohun tóun máa sọ fún Munirah.

Àmọ́ Àlàájà ò wo ẹnu wọn, ọwọ́ wọn ló ń wò. Etí ìró Ṣẹ̀rífátù ń wọ́ lọ sídìí iná, Wàsílátù sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó ká a sókè, ó kì í bọ ìbàdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ ìjà. Ṣẹ̀rífátù náà ń ráhùn lọ, ó bu orí ẹja sínú abọ́, nítorí pé orí ni ìyáálé rẹ̀ fẹ́ràn, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ gbà. Ata ti pọ̀ jù, ẹ má jẹ ẹ́."

Wàsílátù gbà á, ó tọ́ ọ wò. "Ó pọ̀," ó wí, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Àlàájà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ máa kẹ́rù yín bọ̀. Tọkọtaya tó kó jáde kẹ́yìn níbí, n ò gbóhùn wọn rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n tú ká, tí wọ́n pín ṣíbí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin, mo ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ yín tán lónìí."

Mobọ́lájí bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Ìyá rẹ̀ ní kó bá òun pe Munirah.

"Munirah, má wulẹ̀ wá sí Itamaga mọ́. Ẹ̀pẹ́ ni kó o máa bọ̀ ní Sátidé. Kó àwọn ọmọ dání, kí wọ́n wá wo omi."

"Màmá àgbà, ẹ ti rílé nìyẹn?"

"A ti rí i."

"Màámi ńkọ́? Ṣé ó tẹ́ wọn lọ́rùn?"

Wàsílátù na fóònù sí Ṣẹ̀rífátù, ó sì wọlé lọ. Ṣẹ̀rífátù gbà á, ó yọjú wo inú ilé, ó figbe ta.

"Munirah, wá bá mi dá sọ́rọ̀ yìí o! Wọ́n ti tẹ́ ìborùn wọn sí yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, wọn ò tiẹ̀ bi mí!"

"Èmi ni ìyáálé," Wàsílátù dáhùn látinú ilé. Ó ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀ sínú oòrùn.