Ìpele Kìíní Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwé ẹ̀rí ṣe ń gun orí àgbàlagbà, ẹ wá wo ògiri pálọ̀ Dádì Fọláyan ní Raji Rasaki Estate. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún mẹ́rin yìí, kò sẹ́ni tó ń pè é sí ìpàdé mọ́; fóònù rẹ̀ kì í dún àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ kó ra búrẹ́dì bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì eré ìdárayá, kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn àgbà àdúgbò lè máa rí i pè ní àárọ̀ Sátidé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà ní. Ìkíní, ọjọ́ kan péré: bí wọ́n ṣe ń di ojú ọgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi yìnyín sí ẹsẹ̀ tó rọ́. Ìkejì, ọjọ́ márùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú orí àti ọrùn, ìdánwò sì wà níbẹ̀. Ìkẹta, ti àwọn tó ń tẹ̀lé agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù ni. Dádì ṣe ìkíní. Nígbà tó gbọ́ ìdánwò, ó lọ ṣe ìkíní níbòmíràn. Ó tún ṣe ìkíní lẹ́ẹ̀kẹta, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣáà ni. Ó gbà pé bí fáìlì ẹni bá ṣe nípọn tó ni ìgbéga ẹni ṣe ń yá tó. Ó ro ọ̀kan mọ́ ọ̀kan mọ́ ọ̀kan, ó bá a ní mẹ́ta, ó sì kọ́ ìwé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri.

Àfi bí Azeezat ṣe dé. Aránṣọ ni ní Ijegun-Egba, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti gba ìpele kejì. Jùwọ́nlọ tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ ní kí àwọn méjèèjì kó ìwé wọn wá, kó lè mọ ẹni tí yóò gbé àpótí oògùn fún. Azeezat mú ọ̀kan jáde. Dádì tẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, ó bi wọ́n pé èwo ló pọ̀, méjì àbí mẹ́ta? Jùwọ́nlọ mọ̀ pé ìṣirò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ Dádì ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé kò kúnjú ìwọ̀n? Ó gbé àpótí oògùn fún Dádì, ó ní kí Azeezat máa ṣètò omi mímu. Dádì lọ ra fìlà tuntun. Kí ni fìlà ní í ṣe pẹ̀lú ìtọ́jú pàjáwìrì? Òun náà bi ara rẹ̀ léèrè nígbà tó yá.

Ní Sátidé kejì, Waheed, awakọ̀ tó ń ṣọ́ gólì fún wọn, fò sí bọ́ọ̀lù, ó fi orí sọ òpó, ó ṣubú, kò sì dìde. Gbogbo pápá pe Dádì. Ìpè tó ti ń retí dé! Ó sáré, fìlà bọ́ lọ́nà, ó dé ibẹ̀, ó ṣí àpótí. Róòbù. Báńdéèjì. Òróró àdúrà tí ìyàwó rẹ̀ fi sí i. Orí rẹ̀ ṣófo bí agolo tí wọ́n ti lá mílíìkì inú rẹ̀ tán.

Ẹnìkan ní kí wọ́n da omi lé Waheed lórí. Òmíràn fẹ́ gbé e jókòó, Dádì náà sì ti ń nawọ́ bá a gbé e, kó ṣáà lè dà bíi pé ó ń ṣe nǹkan. Ìgbà náà ló rántí ohun tí olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, tí ẹ̀kẹta sọ nígbà tí ojú Dádì wà lára ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù: ẹni tó bá forí gbá nǹkan, ẹ má gbé e, bí ọ̀rọ̀ bá jù yín lọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ jù yín lọ. Ẹ̀rù bà á. Bó bá pe ọmọbìnrin yẹn, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé òfìfo ni ìwé mẹ́ta òun. Bí kò bá pè é, Waheed lè kú, ọmọ mẹ́rin sì wà nílé rẹ̀.

Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó gbójú sókè, ó sì fi “ẹ” bá ọmọ tó lè bí sọ̀rọ̀.

“Azeezat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ.”

Azeezat ju kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Waheed mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi lajú. Nígbà tó fẹ́ yẹ ibi tó kù lára rẹ̀ wò, ó ní kí Dádì gba orí náà, kó má jẹ́ kó mì. Dádì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dì í mú títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Orúnkún ń ro ó, kò dìde. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé eegun ọrùn Waheed ti sán díẹ̀, pé ká ní wọ́n gbé e jókòó ni, bóyá kì bá tún rìn mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Dádì gbé àpótí fún Azeezat, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì omi. Ojú ń tì í. Ó ní kó má bínú, pé òun kò mọ nǹkan kan tí òun fi gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Azeezat kúnlẹ̀ kí i, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mọ ọ̀kan, Dádì. Ká pe ẹni tó mọ̀ jù wá lọ, ìpele kìíní nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ kọ́ ọ, ó sì wọlé.”