Ọ̀wẹ̀ Àna ní Attécoubé

Làtífù, ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Attécoubé, àdúgbò kan ní ìlú Abidjan, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Báàsì ńlá ìfọṣọ àti abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Treichville, bó sì ti ń gbé abọ́ ló ti ń gbé ayé: jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́dún 1973 yẹn kò gba jẹ́jẹ́. Ọ̀gbun kan la àdúgbò wọn sí méjì láti orí òkè títí dé etí ọ̀sà. Lẹ́ẹ̀rùn, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, á sì gun òdìkejì. Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù kẹfà bá dé, àgbàrá á gba gbogbo ibẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀hún ti di ará ìlú mìíràn nìyẹn. Apá ọ̀hún ni ilé ọkọ Silifatou wà, àkọ́bí Làtífù. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tó ń rọbí gan-an ni òjò dé. Odindi ọjọ́ méjì ni wọn kò rí i gbé kọjá lọ sílé ìgbẹ̀bí, ọmọ náà kò sì yè. Ní báyìí, oyún mìíràn ti pé oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀, oṣù karùn-ún sì ń parí lọ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé afárá ni oògùn rẹ̀. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Làtífù á gbọ́ tán, á wúkọ́, á ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, àlejò ni wá. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Àbí ẹ ti gbàgbé ojú tí àwọn ará Dàhòmì rí níbí lọ́dún 1958, tí wọ́n lé wọn jáde nílùú? Ẹ jẹ́ ká dúró de autorisation. Bí ìwé àṣẹ bá dé, a ó ṣe é."

Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìjọba. Ó ń dúró. Ilé tó ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti kan páànù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti púpọ̀ nínú wọn. Ilé tí wọn kò gbé ń dára sí i, èyí tí wọ́n ń gbé ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ̀rù sì lè mú bàbá rere ṣe bí ẹni tí kò ríran.

Mọ́síùrá ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ sú u, ó wé gèlè, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àdìzátù, ìyá Mọ́síùrá, ránṣẹ́ pe Làtífù. Kí wọ́n tó kọ́ afárá ńlá orí ọ̀sà ni ìyá yìí ti wà ní Abidjan. Etí ọ̀gbun náà gan-an ló ń gbé. Làtífù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àna mi, ó tó ọdún mélòó tí o ti fẹ́ Mọ́síùrá?"

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mà."

"Ọ̀wẹ̀ mélòó lo ti ṣe fún mi?"

Làtífù wolẹ̀. Nílé, ọkọ ọmọ ló ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ kọ ebè tàbí bo ilé fún àwọn òbí ìyàwó. Àna kì í kọ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní oko ní Abidjan? Òun ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Oko ni kò sí."

"Mo ti rí oko. Ọ̀gbun yẹn ni. Dimanche, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, kí o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, kí ẹ wá ṣe afárá fún mi."

"Ìyá, autorisation ńkọ́?"

"Nígbà tí o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, ṣé autorisation lo gbà ni, àbí èmi lo wá bẹ̀?"

Làtífù jáde lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ta sì ni ọ̀rẹ́ ààrẹ bí kò ṣe ọmọ ẹgbẹ́? Bí ààrẹ bá ń lọ ọ̀wẹ̀ àna, ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi jókòó sílé? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọgbọ̀n ọkùnrin ti ní àwọn ń bọ̀. Kò tán síbẹ̀. Àwọn ìyá yòókù gbọ́, wọ́n ní, háà, nǹkan yìí ṣì ń ṣiṣẹ́! Gbogbo ẹni tó ti fi ọmọ fọ́kọ ló ránṣẹ́ pe ọkọ ọmọ rẹ̀. Kassim gbẹ́nàgbẹ́nà, Dyula ni, kì í ṣe Yorùbá, kò gbọ́ orúkọ ọ̀wẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, là á yé e, ó sì kó ayùn àti àbúrò mẹ́fà wá.

Ọjọ́ náà dára lójú. Wọ́n yí igi àgbọn láti etí ọ̀sà wá, wọ́n kó òkúta sínú táyà ọkọ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kassim ń pàṣẹ bí ọ̀gá sójà, wọ́n sì ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn Dyula tó ń kọjá ń kí wọn, "Aw ni baara!", ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì kí wọn tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í lè lọ mọ́. Ìrẹsì àti attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe wà nílẹ̀, ẹja din-din gorí rẹ̀. Báàsì tánganran tuntun ni Mọ́síùrá àti àwọn obìnrin fi ń ru iyanrìn. Làtífù wò ó, ó rí i pé ọjà òun ni. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba dé nínú aṣọ káàkì, pẹ̀lú ìwé ńlá lábẹ́ abíyá.

"C'est qui, le responsable?" Ta ni olórí wọn?

Ọjọ́ tí Làtífù ti ń sá fún láti ọdún 1958 ló dé yìí. Wọn kò tíì so àwọn igi náà pọ̀. Lápá ọ̀hún, Silifatou dúró, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń wo bàbá rẹ̀. Làtífù gun òkè jáde kúrò nínú ọ̀gbun, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀.

"C'est moi, chef. Èmi ni président."

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ma belle-mère," ni Làtífù wí. Ó nawọ́ sí Ìyá Àdìzátù tó jókòó lórí àpótí létí ọ̀gbun. "Ìyá ìyàwó mi ni."

Ọkùnrin náà wo ìyá náà títí. Ìyá náà wò ó padà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ Làtífù sílẹ̀ lódindi, pẹ̀lú ilé tó ń gbé.

"Ẹ so ó dáadáa," ló wí lédè Faransé. "Bí ẹnikẹ́ni bá já bọ́, ìwọ ni mo máa wá mú."

"Oui, chef," ni Làtífù wí, ó sì padà sínú ọ̀gbun. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rù kò ba òun mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọ̀wẹ̀ náà ni òjò ńlá dé, ọjọ́ yẹn náà ni Silifatou bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Àgbàrá ń hó lábẹ́ afárá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn kọjá, ọkọ rẹ̀ níwájú, Mọ́síùrá lẹ́yìn, Làtífù sì di okùn afárá mú ní ìpẹ̀kun títí tí ọmọ rẹ̀ fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Silifatou bí obìnrin nílé ìgbẹ̀bí, ọmọ náà sì ké tí gbogbo yàrá gbọ́. Làtífù gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Kò pààrọ̀ aṣọ, kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ilé Ìyá Àdìzátù ló sáré gbà lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ní àgbàlá, òjò ń pa á lẹ́yìn.

Ìyá náà dìde lórí àpótí. "Kí ló dé? Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ó ti bí i, àwọn méjèèjì wà láàyè." Kò dìde nílẹ̀. "Mo wá dúpẹ́ ni. Ẹ ṣé, mà, tí ẹ pè mí."