Ẹranko Onírun tí Bàbá Àjíṣafẹ́ Jẹ Tán

Lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ó ti pẹ́ tí Àjíṣafẹ́ àti Sàláwù ti ń fa ilẹ̀ àbàtà kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Ìkòsì. Ẹ̀fọ́ tó bá hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ a fẹ̀ bí etí erin. Ariwo wọn sú Baálẹ̀. Ó ní ẹni tí bàbá rẹ̀ bá kọ́kọ́ pa ẹran ńlá níbẹ̀ ni kó gba ilẹ̀ náà, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é.

Àjíṣafẹ́ ṣì ń wá ẹran tí yóò dárúkọ nígbà tí Ẹ̀bùnọlá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Kétu, gbé ìwé aláwòrán àwọn ọmọdé kọjá níwájú wọn. Ẹranko kan wà lára èèpo ìwé náà: ó tóbi ju erin lọ, irun bò ó dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ ká bí ìwọ̀.

Àjíṣafẹ́ já ìwé gbà. "Òun nìyí! Èyí gan-an ni bàbá wa pa!"

"Bàbá, ẹranko yìí—"

"Dákẹ́ ná, ọmọ mi."

Sàláwù bú sẹ́rìn-ín. "Nínú ooru Ìkòsì yìí? Kí ló ń fi irun ṣe?"

"Irun yẹn ló pa á! Ooru mú un, ó sọ̀ kalẹ̀ wá mumi. Àbàtà rọ̀, òun náà wúwo. Bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ kan yọ, mẹ́ta ń rì. Bàbá wa kàn jókòó, ó ń jẹ obì, títí ẹranko náà fi rì dé ọrùn."

Àlàyé náà dùn débi pé Àjíṣafẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Sàláwù rí i pé ilẹ̀ ń lọ.

"Bàbá tiwa ló mú okùn tí wọ́n fi fà á jáde!"

Baálẹ̀ ní kí Ẹ̀bùnọlá ka ohun tí ìwé wí. Ó kà á: "Kò sí ẹranko yìí láyé mọ́. Àwọn ọdẹ pa á, pa á, títí kò fi ku ẹyọ kan."

Sẹ̀kínátù, ìyàwó Baálẹ̀, pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ tán! Ẹran tó tóbi tó yẹn, ẹ ò ṣẹ́ ìrù kù fún ará ilé! Ẹja àrọ̀ la wá ń jẹ lójoojúmọ́."

"Bàbá tiwa kọ́ o," ni Sàláwù yára wí. "Apẹja ni bàbá mi. Kò tilẹ̀ mọ okùn-ún dì."

Àjíṣafẹ́ wo ìwé, ó wo ojú Sẹ̀kínátù, ó rántí ẹ̀fọ́ yẹn. Ó lu àyà.

"Bàbá wa nìkan ló pa á. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì pọ́n ọwọ́ lá."

Ni Baálẹ̀ bá fún un nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Àjíṣafẹ́ bá ti yọ lọ́nà ọjà, àwọn alápatà a fi aṣọ bo àtẹ wọn.

"Ẹ gbé ẹran wọlé o! Apẹranrun ń bọ̀!"

Àjíṣafẹ́ á ṣí fìlà kí wọn, á sì gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ rẹ̀ kọjá.