Igi Ìdábùú Ẹnu Ọ̀nà

Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní í sùn sí ni Vaidotas ń kọ́. Nínú abà màlúù àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú Kupiškis, níbi tí òórùn wàrà kíkan kò tíì kúrò lára ògiri, ló ti máa ń to pátákó mọ́ pátákó: èyí di pálọ̀, èyí di ilé ìdáná, èyí di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Ìkọ́ àti ọ̀pá irin kéékèèké ló dè wọ́n pọ̀. Ilé náà kò ní òrùlé, kí èèyàn lè dúró lórí àkàbà gíga kó máa wo ikọ̀ ọlọ́pàá nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ìbọn ọlọ́dà, èyí tó ń yin ọ̀dà dípò ọta gidi, já wọlé láti gba ère kan tí wọ́n pè ní ẹni tí wọ́n jí gbé. Bí wọ́n bá ti mọ ilé kan tán, Vaidotas á tú u palẹ̀, á sì to òmíràn. Ìṣirò ló kà ní yunifásítì ní Kaunas, ṣùgbọ́n àlọ́ ni iṣẹ́ yìí lójú tirẹ̀. Òun ló ń pa á, ikọ̀ ló ń já a.

Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, ikọ̀ náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Àwọn olùdánwò láti Vilnius, olú ìlú, ní ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń falẹ̀. Bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi nígbà ìrúwé yìí, wọn á tú wọn ká, oníkálukú á padà sójú títì láti máa dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo ojú wá wà lára Vaidotas.

"Ìwọ àti àwọn kọ̀rọ̀ rẹ tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́," ni Daiva, ọ̀gá ikọ̀ náà, sọ fún un. "Kọ́ ilé gidi fún wa, irú èyí tí ìyá èèyàn lè gbé."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ó kọ́ ilé tó rọrùn bí èyí tí ọmọdé fi iyanrìn kọ́. Wọ́n ṣì ń falẹ̀. Ó gun àkàbà lọ wò wọ́n. Bronius, àgbà inú wọn, ló máa ń gbé asà síwájú. Tó bá ti wọ yàrá, ó yẹ kó na asà sẹ́yìn sí Rasa, obìnrin tó ń tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè ṣófo láti gbé ère. Ní ẹnu ọ̀nà kan, asà á kọjá bí omi. Ní òmíràn, nǹkan á há, gbogbo wọn á ṣù jọ bí àgùntàn tí òjò ń pa. Kí ló yàtọ̀? Vaidotas wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà, bákan náà ni wọ́n rí. Ó yí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí padà, asán ni. Ó tan iná, ó pa iná. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nínú ilé pátákó náà, ó ń fún ìkọ́ ògiri le, nígbà tí Bronius gbé ife tíì dé ẹnu ọ̀nà.

"Oníṣirò, ṣé o fẹ́ kú síbẹ̀ ni? Wá mu nǹkan."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ gbé e wá."

Vaidotas na ọwọ́. Bronius kò na tirẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá igi tó dábùú sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó wọlé tán pátápátá, kó tó fi ife lé e lọ́wọ́. Vaidotas náà ti sún sẹ́yìn fún un láìmọ̀. Ó wo ife. Ó wo igi. Tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, kò pariwo.

Ta ni wọn kò kọ́ nílé? Nílẹ̀ wọn, èèyàn kì í na nǹkan fún ẹnìkejì kọjá igi ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í bọ èèyàn lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Ìyá àgbà Vaidotas ti gbá a lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sì de igi sísàlẹ̀ àwọn ẹnu ọ̀nà kan kí ògiri má baà máa mì. Ibi tí kò ti sí igi ni asà ti ń kọjá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ gbogbo igi náà, ó gbé ohun tó ń di ògiri mú lọ sókè. Ikọ̀ náà já wọlé, wọ́n yọ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ẹja nínú odò. Rasa hó yèè. Daiva rìn yíká ilé náà, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Àwọn igi yẹn ńkọ́?"

"Mo yọ wọ́n, ọ̀gá. Àwọn ló ń dá wa dúró." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ ń dùn.

Daiva gbọ́ ọ dópin. "O ṣeun. Ṣé wàá máa ṣáájú wa dé ilé ọ̀daràn láti lọ yọ tiwọn náà?"

Òkìtì igi tó ti yọ ni Vaidotas yíjú wò. Àlọ́ ló já, kò tún nǹkan kan ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi ti wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, ó tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Daiva pàṣẹ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fún ara wọn, lórí igi ni kí wọ́n ti nà án: búrẹ́dì dúdú, bàtà, ife, títí kan ọwọ́ ìkíni.

"Rasa, gba ìjà o!" ni ọ̀kan nínú wọn wí bó ṣe na búrẹ́dì sí i.

"Mú un wá jàre. Mo ti lọ́kọ nílé, ìjà kò wọ́n lọ́dọ̀ mi."

Kò pẹ́ tó fi mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lára. Bronius nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀ fún. "Ìyá mi á jí dìde nínú sàréè," ló ń wí.

"Bàbá, ẹ ní kó mú ìbọn dání tó bá ń bọ̀. A ò pọ̀ tó," ni ọ̀dọ́ kan fi dá a lóhùn.

Bronius náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ń ṣe é jẹ́jẹ́, ó ń nà án. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti sọ, tí ọta ọ̀dà ń fò, ọwọ́ rẹ̀ á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, asà á dúró, ikọ̀ á ṣù jọ. Daiva ń rí i. Bronius ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ fún un pé kó fipò sílẹ̀.

Àwọn olùdánwò fi àwòrán ilé tiwọn ránṣẹ́ kí Vaidotas tò ó sílẹ̀ dè wọ́n. Ó pe Bronius sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, èmi ni mo máa tò ó. Tí igi kan bá ṣèèṣì bọ́ ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ ti máa na asà, ta ló máa mọ̀?"

Bronius wò ó títí. "Èmi. Tó bá wá di ọjọ́ ìbọn gidi, tí Rasa dúró síta tó ń dúró de asà, ṣé ìwọ lo máa bá mi sin ín?"

Ó jáde sí gbangba, níbi tí kò sí ẹnu ọ̀nà kankan, ó yọ asà lápá, ó fi kọ́ Rasa lápá.

"Dì í mú dáadáa, ó wúwo. Ọ̀gá, ẹ fi mí sẹ́yìn. Ní ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa na nǹkan sí mi."

Daiva mi orí pé òun gbà. Kò dúpẹ́, kò sì bẹ̀ ẹ́ kó yí i padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, igi wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Láti orí àkàbà, Vaidotas rí i tí Rasa wọ yàrá tó gbẹ̀yìn, tó na asà sẹ́yìn láì wẹ̀yìn, tí ẹni tó tẹ̀ lé e níta sì gbà á bí ẹni gba iyọ̀. Wọ́n gbé ère jáde. Àgbà olùdánwò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òtútù mú, fọn imú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ yege. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ariwo ayọ̀ sọ nínú abà. Bronius kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́, ìbọn rẹ̀ ṣì dojú kọ ìta.

"Bàbá, a yege!" ni Daiva kígbe.

"Mo gbọ́. Ẹ ò tíì ní kí n kúrò níbí."

"Ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó yọ akoto, ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tètè lọ wá nǹkan jẹ, ebi ń pa òun.