Ààrò Tí N Kò Fi Àmì Sí

Orin ni mo fi ń dáná. Bí mo bá ti ṣáná sí igi báyìí, orin ti bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ní abà wa tó wà lọ́nà Ìdèrè, kò sẹ́ni tí í bá mi wí sí i. Ewúrẹ́ mi mẹ́rin ní í gbè é, àkùkọ ní í parí rẹ̀. Ìdí rèé tí n kò fi fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ Làtíífàt ọmọ mi ní Èrúwà. Tíṣà ni, ilé rẹ̀ dára, omi ẹ̀rọ ń yọ lára ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wa pé kí màmá jọ̀ọ́ dákẹ́ láàárọ̀, àwọn ń sùn. Mo bá ń kọrin sínú. Orin tí a bá sì kọ sínú, inú rírun ní í dà.

Nígbà ọyẹ́ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Mò ń sebẹ̀ lórí ààrò, òkúta mẹ́ta tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tò sí àárín ahéré wa, ni iná bá ta pàrà, ó bà sórí koríko òrùlé. Àwọn ará abà ló fi omi àti iyẹ̀pẹ̀ pa á. Ẹnìkan tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Làtíífàt. N kò tíì mọ ẹni náà títí dòní, ṣùgbọ́n n ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ajé ni ọmọ mi dé. Ó wo òrùlé tó jó, ó wo ojú mi tí èéfín ti sọ di pupa.

"Màmá, ẹ ń bá mi lọ."

"Ta ni yóò máa bọ́ ewúrẹ́ mi?"

"Ewúrẹ́ náà á bá wa lọ."

"Ará òkè tí kò gba orin, ṣé ewúrẹ́ ni yóò wá gbà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Bí òun bá tún bá iná gbayawu lábẹ́ koríko, tàbí èéfín tó lè mú omi wá sójú òun, kí n ti di ẹrù mi.

"Bí o kò bá bá a ńkọ́?"

"Ẹ ó dúró nìyẹn. Mo ṣèlérí."

Ó lọ. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọ́bọ́ọ̀dù onírin wa. Mẹ́síńjà ìjọba ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ń da ẹrù àtijọ́ nù níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, tó tì í wálé. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ló ní, irú èyí tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àwa kò ní fáìlì. Ẹ̀gúsí là ń kó sí i, adìyẹ sì ń yé sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Mo wò ó títí. Irin ni, irin kì í gbiná bíi koríko. Bí a bá gé e sí méjì, tí a dá ihò sí i lórí fún ìkòkò, tí a fi páìpù gbé èéfín rẹ̀ gba ara ògiri jáde, kí ni èéfín tún ń wá lójú mi? Ni mo bá bú sórin:

Kọ́bọ́ọ̀dù ìjọba,
O ti jẹ fáìlì yó,
Wá jẹ igi wò o,
Igi dùn ju ìwé lọ.

Mo mọ ẹni tó lè ṣe é. Sàláúdéènì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tàófíìk, jórinjórin ni ní Ìdèrè kó tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abà wa kì í gbé ohùn, àfi kéèyàn tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kíláàsì kejì ni mo kàwé dé, ṣùgbọ́n mo mọ a-b-d tèmi. Mo gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, mo ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé:

Baba Taofiik aaro n da mi laamu. Eyin nikan lo le se e. E tete wa.

Fóònù mi kékeré kò ní àmì ohùn. Ta ló tilẹ̀ ń fi àmì sí nǹkan tó bá ń tẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ ló dé. Kí n tó rí i ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Lọ́fínńdà! Aṣọ Iléyá ló wọ̀, ó dé fìlà tuntun, ó gbé búrẹ́dì méjì dání. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀kadà tó gbé e wá, n kò rí àpò irinṣẹ́ kankan.

"Ìyá Làtíífàt," ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, "mo rí ọ̀rọ̀ yín. N kò lè sùn mọ́."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Omi kò gbẹ lójú tèmi."

"Áà! Ó ti pẹ́ tó ti ń dà yín láàmú?"

"Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọyẹ́ yìí ló kọjá agbára mi. Díẹ̀ ló kù kó jó mi mọ́lé."

Ó ṣí fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. "Ṣé Làtíífàt mọ̀ sí i?"

"Òun ló ní bí n kò bá wá nǹkan ṣe sí i kó tó di Sátidé, òun á kó mi lọ."

"Kò ní kó yín lọ níṣojú mi. Ẹ jẹ́ ká lọ bá lèmọ́mù lónìí."

"Lèmọ́mù? Lèmọ́mù ń jórin ni? Kí ló mọ̀ nípa ààrò?"

Bàbá Tàófíìk dáwọ́ fìlà tó ń fẹ́ dúró. Ó wò mí. Ó wo òkúta mẹ́ta tó dúdú láàárín ilé. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ti kó ẹ̀gúsí inú rẹ̀ kúrò.

"Ààrò," ló wí. "Ààrò ìdáná."

"Èwo ni kò bá tún jẹ́?"

"Àárò ni mo kà á sí. Mo rò pé àárò mi ló ń sọ yín."

Ẹ̀rín gbé mi dé orí odó, mo jókòó sí i. Ó fẹ́ bínú, ó gbójú sókè, ṣùgbọ́n nígbà tó rántí lèmọ́mù, òun náà bú sẹ́rìn-ín, fìlà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Búrẹ́dì ńkọ́?" ni mo bi í. "Ẹ ó gbé e padà ni?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́. Búrẹ́dì kò ní àmì."

Àṣé ìyọnu kù. Ọmọ rẹ̀ ti kó gbogbo irinṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kan ní Igangan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà. Ọjọ́ méjì ló sì kù fún mi. Òòlù ọkọ mi, àáké kan àti ayùn irin tó ti fẹ́ẹ̀ kú, ohun tí a ní nìyẹn.

"A ó fi ṣe é," ni Bàbá Tàófíìk wí. Ó bọ́ aṣọ Iléyá kọ́ sórí igi, ó ró ìró mi kan mọ́dìí.

A gé kọ́bọ́ọ̀dù láàárín, ìdajì ìsàlẹ̀ la mú, a fi irin ìdajì kejì bò ó lórí, a dá ihò ìkòkò sí i. A fi iná jó ọ̀dà ara rẹ̀ níta, torí òórùn ọ̀dà nínú ilé kò yàtọ̀ sí májèlé. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún eérú, a yọ èyí tó wà lókè rẹ̀ kí igi lè gba ibẹ̀ wọlé. Èmi po amọ̀ òkìtì ọ̀gán mọ́ eérú, mo fi rẹ́ inú rẹ̀, ó nípọn tó ìka méjì. Páìpù ìdí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tó ti dógùn-ún létí oko la fi gbé èéfín gba ara ògiri amọ̀ jáde, a dojú rẹ̀ kọ oko ẹ̀gẹ́, ó jìnnà sí koríko. Ó ń lù, mò ń kọrin, òòlù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé orin mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ kírun, ó tún padà wá.

Àárọ̀ Sátidé ni a ṣáná sí i. Èéfín jáde síta ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìkòkò ìlasà lé e, ó mì bí eyín àgbà. Àáké ló gé ìdí rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, ilẹ̀ ahéré náà kò sì tẹ́jú. Bí a bá ki igi bọ abẹ́ igun kan, igun kejì á dìde. Ọbẹ̀ dà sílẹ̀, ó ta sí Bàbá Tàófíìk lẹ́sẹ̀, ó fò sókè. Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Bí Làtíífàt bá rí ọbẹ̀ gbígbóná tó ń dà sílẹ̀, ó tán.

Ìgbà náà ni ojú mi lọ sára àwọn òkúta tí a ti yí síta.

"Ẹ bá mi kó wọn wọlé! Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù."

"Kọ́bọ́ọ̀dù onígun mẹ́rin lórí òkúta mẹ́ta?"

"Mẹ́rin ló ń jà, Bàbá Tàófíìk. Mẹ́ta kì í jà."

A fi aṣọ tútù dì í mú, a gbé e lé òkúta, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo fi ìdí tì í. Kò mì.

Làtíífàt wọlé. Kò kí wa tán tó fi wo òrùlé. Ó fọwọ́ kan ògiri. Òun náà fi ìdí ti ààrò, ìdí tó jọ tèmi, ọbẹ̀ kò fò. Ó fa àpótí, ó jókòó ti iná, ó ń dúró de omi ojú. Ó dúró títí, omi ojú kò wá. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríran rí àlejò.

"Màmá, bàbá wo ló ró ìró yín yìí?"

"Ààrò ni mo wá ṣe," ni Bàbá Tàófíìk yára wí, "ààrò ìdáná o!"

Làtíífàt wò mí. Mo yára bu ọbẹ̀ fún un. Ó jẹun, ó lá ọwọ́, ó dìde, ó ní kí awakọ̀ máa kó ẹ̀gúsí sí ibi tó yẹ kí ẹrù mi wà.

"Ẹ dúró, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orin ìdáná yín fún mi kí n tó lọ."

Mo kọ ọ́. Ewúrẹ́ gbè é.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, fóònù mi dún lórí àpáta. Bàbá Tàófíìk ni. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: Iya Latiifat aaro n da mi laamu. N bo lola.

Mo jókòó lórí àpáta, mo rẹ́rìn-ín dáadáa kí n tó tẹ èsì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan:

Ewo ninu mejeeji? E mu buredi dani.