Irun Tó Ń Gbé Eruku Ìràwọ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni ìyàwó mi kú. Àìsàn ọkàn ló pa á.

Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa yẹ eruku wò, eruku tó ti ara ìràwọ̀ onírù wá. Mo máa ń sọ fún un pé eruku la jọ ń jẹ, àmọ́ tèmi ń kún àpò, tirẹ̀ kò tíì kún ojú abẹ́rẹ́. Á ní, "Tiyín, igi àná ni. Tèmi ti wà kí ilẹ̀ ayé tó wà. Ẹ dúró jẹ́ẹ́." Á wá fi ìka nu ojú mi. Mo rò pé lẹ́búlẹ́bú igi ló ń nù.

Ó ti sọ fún mi rí pé irun ìpéǹpéjú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé eruku náà, nítorí pé irin á fọ́ ọ. Mo gbà pé irun tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ obìnrin bá mi tún ilé ṣe. Ó fọ òòyà, ó fọ aṣọ ìrọ̀rí. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó jáde lára ìyàwó mi mọ́ nínú ilé, àfi tí n bá lọ gba irun yẹn.

Mo lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Rọra ni ìyàwó mi ń pè é, torí ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá. Ẹ rọra, ẹ má mí lé tábìlì."

"Irun tó fi ń ṣiṣẹ́ ni mo wá gbà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yọ kan tó kù sí wa lọ́wọ́ nìyẹn, bàbá. A ṣì ń lò ó."

"Ìyàwó mi ló ni ín."

"Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Mo fojú sí ẹ̀rọ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Mo rí òkúta aláwọ̀ ewé kan, ó ń dán bí àfọ́kù ìgò.

"Iná ló sè é," Rọra wí, "nítòsí oòrùn, nígbà tí oòrùn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àmọ́ inú yìnyín ara ìràwọ̀ onírù la ti bá a, lọ́nà jíjìn réré."

"Ta ló gbé e débẹ̀?"

"Ohun tí màmá ń wádìí nìyẹn."

"Kò sì padà sídìí iná mọ́?"

"Kò padà, bàbá."

Irun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Funfun ni. Ìpéǹpéjú ìyàwó mi dúdú títí ó fi kú.

"Kì í ṣe tirẹ̀ nìyí."

"Tiyín ni. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Èyí tó bá bọ́ sí yín lẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń mú wá. Tiwọn máa ń ká. Wọ́n ní irun bàbá káfíńtà, olóríkunkun ni, kì í tẹ̀."

Òun ni mo wá mú lọ sílé, ara mi ni mo bá níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n máa lò ó. Mo sì fa méjì tu sí i. Omi bọ́ lójú mi. Fífà náà ló fà á.

Ohun tó kù: ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kan lórí ìṣó. Ìgò gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ irun, tó ti gbẹ dé ìdajì. Òkúta aláwọ̀ ewé kan tí ojú lásán kò lè rí. Irun mi mẹ́ta. Nílé, òòyà kan, ó mọ́. Èmi.